Bátìrì ọkọ̀ kú lójijì? Ẹ wádìí ohun tó pa á kí ẹ tó náwó lé òmíràn

Kò sí ohun tó ń da iṣẹ́ oníṣòwò rú láàárọ̀ bíi kó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó gbọ́ "ká, ká, ká," kí ẹ́ńjìnnì má sì dáhùn. Oníbúrẹ́dì tó yẹ kó ti já ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní òpópónà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, onímọ́tò tó fẹ́ kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó, àti ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó jáde láti oko, ọ̀kan náà ni wàhálà gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Owó tó yẹ kó wọlé kò ní wọlé, owó mìíràn ni yóò sì tún jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ wọn jù, wọ́n á béèrè èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò ní ju oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ tí wọ́n á fi tún dé. Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ìkánjú ti wù kó pọ̀ tó, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò kó tó yọ owó lápò, nítorí pé kì í ṣe iye tí ọlọ́jà pè é ni owó bátìrì. Iye oṣù tí yóò fi sìn yín ló yẹ kí ẹ fi ṣírò rẹ̀.

Kí ló pa èyí tó kú?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Bátìrì ò yàtọ̀ sí àmù omi. Ẹ bu omi nínú rẹ̀ láti fi ta ẹ́ńjìnnì jí, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ ni yóò máa pọnmi padà sínú rẹ̀. Bí ọ́tánétọ̀ kò bá pọnmi dáadáa mọ́, tàbí tí àmù ń jò níbì kan, kò sí bí àmù tuntun ṣe lè pẹ́ kó tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ra bátìrì mẹ́ta láàárín ọdún kan, tó sì ń bínú sí ọlọ́jà, nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an ni àrùn wà.

Mítà kékeré tí àwọn rewáyà ń lò tó láti fi mọ òótọ́. Bátìrì ọkọ̀ ní yàrá mẹ́fà nínú, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bíi fólítì 2.1 wá. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi fólítì 12.6 hàn. Bó bá jẹ́ 12.4, ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Bó bá ti jẹ́ 12.0 sísàlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ta ẹ́ńjìnnì jí, kí ẹ tún fi mítà sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń lò níbí, iye tí yóò fi hàn gbọ́dọ̀ wà láàárín fólítì 13.8 sí 14.5 tàbí kó lé díẹ̀. Bí kò bá kúrò ní 12, ọ́tánétọ̀ tàbí bẹ́líìtì tó ń yí i ni kí ẹ tọ́jú, ẹ má tíì ra bátìrì rárá. Bó bá sì kọjá 15, iná ti pọ̀ jù fún bátìrì, yóò sì se omi inú rẹ̀ gbẹ títí tí yóò fi bàjẹ́.

Ẹ tún wo orí bátìrì. Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewéko bá ti hù sí i, tàbí tí wáyà kò mú un dáadáa, iná kò ní kọjá. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì lásán ti jí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ pé bátìrì rẹ̀ ti kú. Bákan náà, rédíò, aago olè, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀ lè máa fa iná díẹ̀díẹ̀ lóru. Ẹni tó bá rí i pé àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni ọkọ̀ òun kì í jí, lẹ́yìn tó ti sinmi látọjọ́ Sátidé, kí ó ní kí rewáyà wá ibi tí iná ń bá jáde.

Àmọ́ bí ẹ bá ṣájì bátìrì tó kún dé 12.6, tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí mítà sì já sísàlẹ̀ 9.6, tí ẹ́ńjìnnì ń fà tìkọ̀tìkọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bátìrì náà ti lo ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìgbà yìí gan-an ló tó kí ẹ wá òmíràn lọ.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀

Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí lọ́dún 1859. Títí di òní, òjé àti ásíìdì náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí à ń lò. Òjé àti ásíìdì sì kórìíra ooru. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣọ́ọ̀sì, ọjọ́ ayé bátìrì lè dín sí ìdajì. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń yí kiri ìlú Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, ooru ibẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ìbátan rẹ̀ ní ìlú òyìnbó sọ fún pé bátìrì òun lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ retí irú rẹ̀ níbí. Ọdún méjì sí mẹ́ta ti tó ohun tí èèyàn lè dúpẹ́ fún.

Yàtọ̀ sí ooru, ìjàgbọ̀n ọkọ̀ ń pa bátìrì. Píkọ́ọ̀pù tó ń wọ oko kòkó lẹ́yìn ìlú Oǹdó, tó ń bọ́ sínú kòtò tó ń jáde, ń gbọn àwọn pẹ́lẹ́ẹ̀tì òjé tó wà nínú bátìrì títí tí wọ́n á fi yẹ̀. Bí irin tó di bátìrì mú bá ti jábọ́, tí wọ́n wá fi okùn tàbí rọ́bà táyà so ó, ìyà náà di ìlọ́po méjì. Irin náà kò wọ́n, ẹ ra á.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn kúkúrú. Ọkọ̀ tó ń já búrẹ́dì, tó ń dúró, tó ń pa ẹ́ńjìnnì, tó tún ń ta á jí nígbà ogún láàárọ̀ kan, kì í jẹ́ kí ọ́tánétọ̀ rí àyè dá ohun tí wọ́n bù padà. Bátìrì tí kò kún fún ọjọ́ pípẹ́, ṣe ni nǹkan funfun líle kan máa ń bo pẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá ti le tán, ṣájì kò ní wọlé mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá rí báyìí, kó máa gbé bátìrì rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó jẹ́ kó kún dáadáa.

Èwo ló bá ọkọ̀ yín mu?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ béèrè: áńpù mélòó? Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí àmù náà ṣe tóbi tó. Ọkọ̀ kéékèèké máa ń lo nǹkan bí áńpù 45, àwọn bíi Toyota Corolla sábà máa ń lo 60 tàbí 62, ọkọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ lè gba 75, ọkọ̀ tó ń lo dísù sì lè dé 100, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wúwo láti ta jí. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tàbí lára bátìrì tí wọ́n bá a wá látilẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Èyí tó kéré sí i yóò máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Èyí tó tóbi jù lè má wọ àyè rẹ̀, owó tí ẹ sì fi kún un kò sọ pé yóò pẹ́ jù.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ tí orí pọ́sítíìfù wà, ìyẹn èyí tó ní àmì +. Àwọn kan wà lápá ọ̀tún, àwọn kan wà lápá òsì. Bí ẹ bá gbé èyí tó yí padà, wáyà lè má dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì fipá fa wáyà débẹ̀, tàbí tó so ó lódì, lè jó ọ́tánétọ̀ àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lára bátìrì tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn ará Japan, ẹ lè rí àkọlé bíi 55D23L. Nọ́ńbà 23 yẹn ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, lẹ́tà tó kẹ́yìn, L tàbí R, sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn orí rẹ̀ kọjú sí. Ẹ da àkọlé ti àtijọ́ kọ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, tàbí kí ẹ fi fóònù ya á.

Àwọn ọlọ́jà kan tún máa ń fi nọ́ńbà CCA polówó ọjà. Ohun tí ìyẹn ń wọ̀n ni agbára tí bátìrì ní láti ta ẹ́ńjìnnì jí nígbà tí òtútù bá mú dé ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí ní Àkúrẹ́, kódà nígbà ọyẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá ti tó iye tí ìwé ọkọ̀ yín sọ, kò sídìí láti fi owó kún un nítorí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olómi ńkọ́, èyí tí wọ́n dí pa ńkọ́?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Olómi ní ìdérí mẹ́fà lórí, wọ́n sì sábà máa ń tà á ní gbígbẹ, tí wọ́n á wá da ásíìdì sínú rẹ̀ lójú yín. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n da ásíìdì sí i ni ọjọ́ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gbó púpọ̀ lórí káńtà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣájì rẹ̀ kún kí ẹ tó gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí i wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Omi bátìrì tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un. Omi kànga kò dára fún un, piọ́ wọ́tà inú ọ̀rá kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹ máa da ásíìdì mìíràn sí i. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Ẹni tó bá ń da ásíìdì kún un ń sun pẹ́lẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ni.

Èyí tí wọ́n dí pa kò fẹ́ omi. Ó dára fún ẹni tí kò ní àyè láti máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé látọjọ́ tó ti kúrò nílé-iṣẹ́ ni iná inú rẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ooru inú ṣọ́ọ̀bù sì ń mú kí ó yára. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tàbí mọ́ orí rẹ̀. Bí ọlọ́jà kò bá lè ka ọjọ́ náà fún yín, ẹ ní kó fi mítà sí i. Tuntun tí mítà rẹ̀ kò dé 12.4 ti ń ṣàárẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín. Èyí tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà lórí káńtà, tí wọn kò ṣájì rẹ̀ rí, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Tuntun, tòkunbọ̀, àti èyí tí wọ́n tún ṣe

Owó bátìrì ti gòkè gan-an. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta òjé lọ́jà àgbáyé, òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ bátìrì tó wà lọ́jà ti ń wá. Látìgbà tí báńkì àpapọ̀ ti tú iye owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó rẹ̀ kò tíì sinmi. Ilé-iṣẹ́ Exide tó wà ní Ìbàdàn nígbà kan rí ti kógbá sílé. Èyí ló sọ bátìrì tòkunbọ̀ àti èyí tí wọ́n tún ṣe di ààyò ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tòkunbọ̀ ti lo ìgbà kan ní ìlú òyìnbó, kò sẹ́ni tó mọ iye tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè pààrọ̀ ásíìdì inú rẹ̀, kí wọ́n fọ ara rẹ̀, kí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, kó sì ta ẹ́ńjìnnì jí lójú yín lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e wò. Ojúlówó bátìrì áńpù 62 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 15. Bó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, òjé inú rẹ̀ kò pé. Ẹ wo orí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti di wáyà mọ́ ọn rí, kì í ṣe tuntun.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan gbé e wò. Ká ní tuntun gidi jẹ́ náírà 90,000, tó sì lo oṣù 30. Náírà 3,000 ni oṣù kan. Ká ní èyí tí wọ́n tún ṣe jẹ́ 40,000, tó sì lo oṣù márùn-ún. Oṣù kan di náírà 8,000. Láàárín oṣù 30 náà, ẹni tó ra tuntun ná 90,000, ẹni tó ń ra olówó pọ́ọ́kú á ra mẹ́fà, á sì ná 240,000. Bó bá tún jẹ́ pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí bátìrì kú ló pàdánù èrè náírà 15,000, ìgbà mẹ́fà tún jẹ́ 90,000 mìíràn, ìyẹn owó tuntun kan gbáko. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí. Ẹ fi iye tí ọjà bá pè fún yín dípò wọn, kí ẹ ṣírò ti ara yín.

Ẹni tí kò ní owó tuntun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alájọ. Náírà 3,000 lóṣù kò ju 100 lójúmọ́ lọ. Oníṣòwò tó bá ń dá 150 tàbí 200 lójúmọ́ sọ́tọ̀ fún bátìrì látọjọ́ tó ti ra ọ̀kan, nítorí owó ọjà tó ń gòkè, kò ní bá ara rẹ̀ nínú pé kó máa wá ayálówó láàárọ̀ ọjọ́ tí èyí tó wà nílẹ̀ bá kú.

Ẹ gba risíìtì

Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba risíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ bátìrì, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti iye oṣù gàráńtì. Gàráńtì ẹnu lásán kì í dúró. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì ṣeé lò fún ohun tí wọ́n tà á fún. Àjọ FCCPC ló ń rí sí i. Risíìtì ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí yín. Fún èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wá àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn onígbàjámọ̀, àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń lo ínfátà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bátìrì ọkọ̀ kò ṣeé lò fún ínfátà. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí pé iná púpọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ń fi tan fáànù àti iná fún wákàtí mẹ́fà lójoojúmọ́ títí tó fi gbẹ, oṣù díẹ̀ ni yóò fi kú. Ti ínfátà àti sólà ní irú tirẹ̀.

Ti àtijọ́ náà, owó ni

Ẹ má fi bátìrì kọndẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, kó yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó yín, nítorí pé òjé inú rẹ̀ ṣì níye lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú àgbàlá yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àlòkù, tí àwọn èèyàn sì ń jọ òjé láti inú iyanrìn. Nílé wa níbí, ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìwé ìròyìn gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì àlòkù àti àwọn ará àdúgbò, títí kan àwọn ọmọdé. Òjé kì í rùn, kì í ta èèyàn lára, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín, orí nẹ́gítíìfù, ìyẹn èyí tó ní àmì –, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà sì ni kí ẹ dì kẹ́yìn. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, ẹ má sì tan iná sí i, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná. Bí ásíìdì bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ dà sí i lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ fi omi ṣàn án fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í tán, ẹ ta ẹ́ńjìnnì jí nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ní kí wọ́n fi mítà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà bá ti wà láàárín 13.8 sí 14.5, ẹ kọ ọjọ́ náà sára bátìrì yín, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.